Ẹ Wo Káàdì Àjọ Kí Ẹ Tó Wo Máàkì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Onílé-Ìwé Aládàáni Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, àti ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ dá iléèwé aládàáni sílẹ̀ ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹrù tí ẹ gbé kò fúyẹ́, nítorí mo bá yín gbé e. Ọdún 14 ni mo fi ṣe akápò ní ọ̀kan nínú àwọn iléèwé aládàáni ìlú yìí. Mi ò ní dárúkọ iléèwé náà, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ẹjọ́ iléèwé kan ṣoṣo. Fèrèsé kékeré onírin kan wà tí mo máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ti ń na owó sí mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bẹ̀ mí. Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, aṣọ ọmọdé ni mo ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tàkíè, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lójú fèrèsé yẹn ṣì wà létí mi.

Ohun tó mú mi gbé bíírò ni àwọn ìkéde tí mo ń rí lára ògiri àti lórí Facebook, pé àwọn kan nínú yín fẹ́ fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní sáà tó ń bọ̀. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ ọ̀nà kan náà ni gbogbo ìkéde tí mo rí gbà: ẹ wá jókòó ìdánwò, ẹni tó bá gba máàkì jù ló ni ín. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ dúró díẹ̀. Owó tí ẹ fẹ́ yọ sílẹ̀ yẹn, ta ló tọ́ sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ní sáà kejì, wọ́n ní kí n mú orúkọ gbogbo ọmọ tó jẹ gbèsè wá. Èmi náà ni mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kà á ní àsẹ́ńbílì, lójú gbogbo iléèwé, lẹ́yìn tí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè tán. Ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ á bọ́ síta láti orí ìlà, á gba ẹnu géètì lọ sílé. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó wà ní SS2. Kò sunkún. Ó bọ́ báàgì rẹ̀ kúrò léjìká, ó gbé e mọ́ àyà, ó fi bo àmì iléèwé tó wà lára aṣọ rẹ̀, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ó fi rìn kọjá níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ọmọ tó gbé báàgì sáyà, inú mi máa ń bàjẹ́.

Láti Jẹ́lé-ó-sinmi ni ọmọ yẹn ti wà lọ́dọ̀ wa. Bàbá rẹ̀ ló ń wa bọ́ọ̀sì láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, kò sì jẹ wá ní kọ́bọ̀ rí. Ó kú ní ọlidé ńlá. Ọlidé yẹn ni ọmọ bọ̀ tó wọ SS2, gbèsè àkọ́kọ́ sì nìyẹn láti ọdún tó ti ń bọ̀.

Ní sáà kan náà yẹn, iléèwé wa fún ọmọkùnrin kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí òun ló ṣe ipò kìíní. Ọmọ náà mọ̀wé lóòótọ́, mi ò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá bá mi lójú fèrèsé kí ó lè dúpẹ́. Ọkọ̀ méjì ló wà nílé wọn, ìyá ọmọ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, iná sola wà, tíṣà sì ń wá kọ́ ọmọ nílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọkùnrin náà rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè ní kí wọ́n fún ọmọ mìíràn? Mo lè san tèmi." Mo gbé ìbéèrè náà lọ síwájú ọ̀gá, wọ́n ní kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò nílò owó mọ̀ pé òun kò nílò rẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ wà nílé, àwa tí a wà láàárín kò sì mọ bí a ṣe máa gbé e láti ọwọ́ ọ̀kan dé ọwọ́ èkejì.

Ìyá ọmọbìnrin náà wá lọ́jọ́ kejì. Èlùbọ́ láfún ló ń tà, funfun rẹ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Àṣẹ tí mo ní lọ́wọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dínwó gbọ́dọ̀ mú ìwé owó oṣù wá. Ta ló ń ta láfún tó ní ìwé owó oṣù? Mo wí bẹ́ẹ̀ fún un, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń wí i. Ló bá tú etí ìró rẹ̀, ó mú káàdì àjọ jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e gba abẹ́ fèrèsé.

Gbogbo wa la mọ káàdì àjọ. Oṣù kan, ilà kan, àpótí 31, alájọ á máa fi bíírò sàmì sí i lójoojúmọ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé gíláàsì mi sójú, mo kà á. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí bàbá ṣì wà láyé, kò sí àpótí kan tó ṣófo, ₦500 lójúmọ́. Ní oṣù kẹjọ, àmì 11 ló wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n ti fa ilà lu ₦500, wọ́n kọ ₦200 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, tó jẹ́ oṣù ọjà, àmì 4. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àpótí náà kàn wà níbẹ̀ ni. Mo ti rí ìwé owó oṣù tó pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tí wọ́n dọ́gbọ́n sí, mi ò tíì rí ọ̀kan tó sọ bí ilé kan ṣe wó bí káàdì yẹn ṣe sọ ọ́.

Mo dá a padà fún un. Kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù wa. Ọmọ náà lọ sí iléèwé ìjọba kí sáà tó parí, ó bá wọn láàárín iṣẹ́, ìdánwò sáà sì ti kọjá lórí rẹ̀. Mi ò sọ pé iléèwé ìjọba kò dára, ibẹ̀ ni èmi náà ti jáde. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọdún kan péré ló kù fún un láti kọ WAEC, àyè sì wà nínú kíláàsì rẹ̀ lọ́dọ̀ wa títí ọdún fi parí. Àga rẹ̀ ṣófo, kò sí ẹni tó jókòó lé e.

Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí ẹ tó wá ọmọ tuntun wọlé, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó ti wà lọ́dọ̀ yín tí ilé wọn dàrú. Ikú òbí, àìsàn tó gba gbogbo owó, iná tó jó ìsọ̀, iṣẹ́ tó bọ́. Ẹ mọ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹ mọ ìwà wọn, ẹ mọ̀ pé òbí wọn sanwó nígbà tí ó ní. Àwọn ló yẹ kí orúkọ wọn wà lókè.

Mo ń tẹnu mọ́ ilé tó dàrú torí pé ìlú wa mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ rántí 2016. LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní 1990, ló ń bọ́ ìdajì ìlú yìí, ẹni tí kò ní ọmọ níbẹ̀ ń ta nǹkan fún ọmọ tó wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ àti ti Ọ̀ṣun tí wọ́n jọ ni ín kò fẹnu kò lórí owó, títì náà sì fa oṣù púpọ̀. Àwọn tó ń ta oúnjẹ ní Under-G lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì náà, àwọn tó ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń tẹ̀wé àti àwọn tó ń ṣe fótókọ́pì, gbogbo wọn ló wá sójú fèrèsé mi. Ní ọdún tó ṣáájú, olówó ni wọ́n. Ká ní a ní fọ́ọ̀mù tó ń bèèrè pé "kí lẹ rí lọ́dún tó kọjá," kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìrànwọ́ máa tọ́ sí. Ọ̀yọ́ nìkan ló ni iléèwé gíga náà láti 2020, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa kò sì tíì di ti àtijọ́. Ẹ bèèrè ohun tó wà lọ́wọ́ òbí báyìí.

Oṣù kẹta 2020 náà dé, wọ́n ti gbogbo iléèwé pa nítorí Kòrónà. Lẹ́yìn ìyẹn, May 29, 2023, ìjọba ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tó wà lábẹ́ ₦200 kọjá ₦500 ní jálá kan. Awakọ̀ tó ń san owó iléèwé ọmọ mẹ́ta kò yí padà sí ọ̀lẹ ní òru ọjọ́ kan.

Èmi kò fẹ́ kí ẹ rò pé bí ẹ bá ti fi iye owó kan lélẹ̀, pé ẹni tí owó rẹ̀ bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni kó wá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú irú rẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé gíga ìjọba ní oṣù kẹfà 2023, wọ́n ní ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò tó ₦500,000 nìkan ló lè yá a. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù nígbà náà. Bí ọkọ bá ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan, tí ìyàwó ń gbálẹ̀ ní èkejì, ₦720,000 ni wọ́n máa gbà lọ́dún. Lójú òfin yẹn, olówó ni wọ́n. Wọ́n tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú onídùúró méjì wá, irú bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò rẹlẹ̀ ju ipele 12 tàbí lọ́yà tó ti lo ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ alájàpá tó mọ lọ́yà ọlọ́dún mẹ́wàá, ó ní ibòmíràn tó ti lè yáwó. Ìjọba fúnra rẹ̀ rí àṣìṣe náà. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i ní April 3, 2024, wọ́n yọ ìdíwọ̀n owó náà kúrò. Ẹ̀yin kò ní láti kọ́kọ́ ṣubú sínú kòtò yẹn kí ẹ tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lónìí tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń san ₦80,000 fún òṣìṣẹ́ tó kéré jù, ẹni tó ń gbà á tó ní ọmọ kan àti ẹni tó ń gbà á tó ní ọmọ márùn-ún pẹ̀lú ìyá tó ń ṣàìsàn, ṣé ẹgbẹ́ ni wọ́n?

Ẹ má fi ilé díwọ̀n ẹ̀dá náà. Èyí ṣe pàtàkì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju ibòmíràn lọ. Bàbá wa àti bàbá bàbá wa lọ sí Gánà, wọ́n lọ sí Jọ́ọ̀s àti Òkè Ọya, wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́lé sílé. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò ní 1969, ọ̀pọ̀ wọn dé pẹ̀lú ẹrù orí nìkan, ilé tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú ló kù fún wọn. Títí di òní, ẹ máa rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní òpó ní ìsàlẹ̀ ìlú, tó jẹ́ pé ìdílé mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, tí kò sí ẹni tó lágbára láti pààrọ̀ páànù rẹ̀. Ẹnìkan kọ̀wé béèrè ẹ̀dínwó lọ́dọ̀ wa nígbà kan, wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n ní, "Ilé ńlá yẹn kọ́ ni ilé bàbá rẹ?" Ilé bàbá bàbá rẹ̀ ni. Kò lè ta yàrá kan níbẹ̀ láìpe ẹbí jọ láti ìlú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun. Ẹ̀gbọ́n ẹni kì í ṣe àpò ẹni.

Àwọn àgbẹ̀ tún wà. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò le, àmọ́ a sọ ọ́ di líle. Ẹni tó ní oko kajú ní agbègbè Oríire tàbí Ṣúrùlérè tó wà nítòsí wa níbí, láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni owó ń wọlé fún un. Ẹ̀yin wá ń béèrè owó ní oṣù kẹsàn-án. Á lọ yá a, tàbí kó ta kajú rẹ̀ fún oníṣòwò nígbà tí òdòdó ṣì wà lórí igi, ní iye tí kò tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun máa san owó ọdún kan pọ̀ ní oṣù kẹrin, kí ẹ sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kó kàwé. Mo ti rí àgbẹ̀ tó gbé owó wá nínú àpò sìmẹ́ńtì, tó san sáà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fún irú wọn láyè bẹ́ẹ̀, owó ìrànwọ́ yín á ṣẹ́kù fún ẹni tí kò retí ìkórè kankan.

Ní ti máàkì, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi lè dun àwọn kan. Ẹ máa bu ọlá fún ọmọ tó mọ̀wé, ẹ fún un ní ìwé, ẹ fún un ní ife ẹ̀yẹ, ẹ pe òbí rẹ̀ jáde kí a pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ̀bùn ìdíje nìyẹn, kì í ṣe ìrànwọ́. Ọmọ tó gba 92 tí tíṣà ń kọ́ nílé àti ọmọ tó gba 74 tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn iléèwé títí agogo mẹ́jọ alẹ́, mi ò mọ èyí tó mọ̀wé jù nínú wọn, ẹ̀yin náà kò sì mọ̀ ọ́n láti inú ìdánwò kan. Ohun tí mo lè gbà ni pé kí ọmọ tó ń gba ìrànwọ́ máa ṣe dáadáa níwọ̀n, kó máa wá sí iléèwé déédéé, kí ìwà rẹ̀ sì dára. Kí ẹ má ní kó ṣe ipò kìíní kó tó lè dúró.

Ẹ̀dínwó tí àwọn iléèwé kan ń ṣe fún ọmọ kẹta nínú ìdílé kan, òwò ni, òwò tó dára sì ni, ẹ máa ṣe é lọ. Ẹni tó lè mú ọmọ mẹ́ta wá kì í sábà jẹ́ ẹni tó kù díẹ̀ káàtó fún. Ẹ má kàn kà á mọ́ àánú nígbà tí ẹ bá ń ṣírò. Ọmọ pásítọ̀, ọmọ àáfà, ọmọ ọ̀rẹ́ onílé-ìwé, ọmọ olóṣèlú, kí gbogbo wọn gba ojú fèrèsé kan náà wọlé. Bí àìní bá wà nílé pásítọ̀, kí pásítọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bí ẹni tó ń ta láfún ṣe kọ tirẹ̀.

Àwọn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ronú kàn tí a sábà máa ń gbójú fò: àwọn ọmọ tíṣà yín, ti ẹni tó ń gbálẹ̀, ti bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Èmi ni mo ń kọ owó oṣù wọn sínú ìwé, mo mọ iye tó jẹ́. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò láti àárọ̀, tí ọmọ tirẹ̀ jókòó sílé nítorí owó iléèwé, kò sí ohun tí ẹ lè sọ tó máa wọ̀ ọ́ létí. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi owó oṣù tíṣà ṣe àánú. Bí ẹ bá fún ọmọ mẹ́fà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí owó oṣù wá ń pẹ́, orí àwọn tó tálákà bíi wọn lẹ ti yọ ọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ìjọba ní iléèwé ọ̀fẹ́, kí ẹni tí kò lówó máa lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Láti oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń darí rẹ̀, ní 2019 náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa fòpin sí ₦3,000 tí wọ́n ń gbà ní iléèwé ìjọba. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, ó sì yẹ kí gbogbo wa máa bá ìjọba jà kó dára sí i. Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ tálákà ìlú yìí gbọ́dọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ò lè gbé e. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ló kọ ọ́ sára pátákó pé ẹ fẹ́ ṣèrànwọ́. Ẹni tó bá ti ṣe ìpinnu láti ṣe é, ẹ jẹ́ kó ṣe é síbi tó yẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ tuntun wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti tọ́jú tilé, ẹ wo àdúgbò tí iléèwé yín wà. Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, òfin ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ti 2009 ní kí iléèwé aládàáni ya àga 25 nínú 100 sọ́tọ̀ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ fún ọmọ àwọn tí kò rí jájẹ ní àdúgbò wọn, ìjọba sì ń dá owó padà fún wọn. Kò sí ìjọba tó máa dá owó padà fún yín níbí, torí náà mi ò ní béèrè àga 25. Ọ̀kan nínú 20 ń kọ́? Bàbá kan tí iléèwé yín ti ń pariwo sí létí láràárọ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń gba ara ọgbà yín kọjá lọ síbòmíràn, mo rò pé ó yẹ kí a kà á mọ́ ara wa.

Àwọn òbí tó ń sanwó máa bèèrè pé, "Ṣé owó wa lẹ fi ń san ti ẹlòmíràn?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, kí ẹ má bínú sí wọn. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Kíláàsì tó ní àga 30, tí ọmọ 22 wà nínú rẹ̀, iye kan náà lẹ ń san fún tíṣà bí ọmọ bá di 24. Kò sí ẹni tí ẹ yọ owó rẹ̀ láti fi ọmọ méjì sórí àga tó ṣófo. Ibi tí owó gidi ti ń jáde ni aṣọ iléèwé, ìwé, àti owó WAEC tó ń lọ síta, ibẹ̀ náà ni ètò ìrànwọ́ ti máa ń já. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n dá owó iléèwé rẹ̀ sí, tí wọ́n tún lé e padà sílé nítorí kò ní aṣọ eré ìdárayá. Bí ẹ bá ní ọ̀fẹ́, kó jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìwé àti aṣọ. Bí apá yín kò bá ká a fún ọmọ mẹ́rin, ẹ ṣe é fún méjì kó pé. Àwọn ọmọ Ajílété, ìyẹn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, pọ̀ ní Èkó, ní Jọ́ọ̀s àti lókè òkun tó jẹ́ pé bí ẹ bá kọ̀wé sí wọn pé aṣọ àti ìwé ọmọ kan là ń béèrè, tí ẹ sì fi rìsíìtì ránṣẹ́, wọ́n máa dáhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó máa pinnu. Kí onílé-ìwé má dá a ṣe, torí gbogbo ìlú ló máa gba ilé rẹ̀ lálẹ́. Ẹ wá ẹni mẹ́ta: tíṣà kan tó ti pẹ́, òbí kan, àti ẹnìkan láti ìta tí kò ní ọmọ níbẹ̀. Kí akápò fi nọ́ńbà dípò orúkọ lórí ìwé tí wọ́n máa kà. Kí ẹni tó ní ìwé owó oṣù mú un wá, kí ẹni tí kò ní mú káàdì àjọ wá, tàbí ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí ìwé ìsanwó ilé ìwòsàn. Kí wọ́n bèèrè iye ọmọ tó wà nílé àti ẹni tó ń jẹun lábẹ́ òrùlé náà. Kí wọ́n tún un wò lọ́dọọdún, torí ilé tó dàrú tún ń dìde, bí ó bá sì ti dìde, kí àga náà kàn ẹlòmíràn.

Kí ọ̀rọ̀ náà sì wà láàárín yín. Kò sí ẹni tí ẹnìkejì kò mọ ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí tíṣà kíláàsì má mọ ẹni tó ń san àti ẹni tí kò san. Kí ẹ má pe ọmọ jáde lọ́jọ́ ayẹyẹ láti wá ya fọ́tò pẹ̀lú ẹni tó ṣe é lóore. Àwọn orúkọ gbèsè tí ẹ ń kà ní àsẹ́ńbílì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Òbí ló jẹ yín lówó, ẹ pe òbí.

Mo mọ̀ pé oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ yín máa ń tẹ fọ́ọ̀mù sáà kìíní. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ kí a jókòó ya ojú ewé kan tó máa gba ẹni tí kò ní ìwé owó oṣù, mo wà nílẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀. Láàárọ̀ ni ọjà mi máa ń fẹjú, àmọ́ bó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi á dilẹ̀. Mo ti fa àwọn ilà rẹ̀ sínú ìwé kan. Àyè káàdì àjọ ni mo kọ́kọ́ fà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akápò tẹ́lẹ̀ rí, oníṣòwò aṣọ ọmọdé,
Tàkíè, Ògbómọ̀ṣọ́.